Èéfín Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fọ̀ Kúrò Lórí Igi Òrùlé

Ẹ kú ilé o, ìyá mi Àlàájà. Ẹ kú ilé onílé pẹ̀lú, nítorí mo mọ̀ pé ibi tí ẹ wà ní Ìkòròdú yìí kọ́ ni ọkàn yín wà. Ẹ kú ìfaradà ọmọ tó wà lókè òkun, tó sì tún ń ti ibẹ̀ fa wàhálà sílé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín. Ẹ̀gbọ́n mi Ganíyù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ìyá wa. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Sìkírá àbúrò mi, o kú ohùn o, nítorí ìwọ ni mo mọ̀ pé wàá ka ìwé yìí sétí Màámi. Rọra kà á. Má fo ibì kankan, pàápàá ibi tó bá yẹ kí ojú ti ẹ̀gbọ́n rẹ.

Mo kí ẹ̀yin ìyá mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹ̀yin àti Màámi jọ ń yan ẹja nínú ilé pákó wa ní Ẹ̀pẹ́. Mo ti bẹ Sìkírá pé kó mú Màámi wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kan, kó kó gbogbo yín jọ, kó tó ka ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kàn yín bó ṣe kàn án.

Ẹ óò máa wò ó pé kí ló dé tí mo gbé lẹ́tà ìdílé lọ sínú ìwé ìròyìn. Lọ́dún tí a ṣí ilé pákó lẹ́yìn tí a tún un ṣe, ìwé ìròyìn yìí kan náà ló gbé fọ́tò mi jáde. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń sọ ilé àtijọ́ di ọ̀tun nìyí. Sìkírá fi ránṣẹ́ sí mi, mo sì ń fi han ẹnikẹ́ni tó bá lè dúró wò ó, títí kan awakọ̀ tó gbé mi lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Gbangba ni wọ́n ti yìn mí. Gbangba náà ló yẹ kí n ti sọ pé mo ṣìṣe.

Òtútù ti dé níbí. Òjò wọn kì í sán àrá, kì í fẹ́ atẹ́gùn kó tó rọ̀ bí òjò orí ọ̀sà. Ó kàn ń kán ṣáá ni, láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó bá wá. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó kúrò níbi iṣẹ́. Mo ń gbé yàrá kan lókè ilé ìfọṣọ, ibẹ̀ sì gbóná díẹ̀ nítorí àwọn ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀, Ọlọ́run ló ṣe é. Màámi, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Máìkì ni wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ Múkáílà lórí fóònù, ara mi máa ń yá gágá.

Iṣẹ́ òwú ló mú ìlú tí mo wà yìí lókìkí nígbà kan. Wọ́n kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ gìrìwò síbẹ̀, bíríkì pupa, alájà márùn-ún, alájà mẹ́fà, fèrèsé lọ súà. Iṣẹ́ òwú ti kógbá wọlé tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì wa ni ká wọ inú wọn, ká wọ̀n wọ́n, ká sì ya àwòrán ohun tí wọ́n tún lè dà: ilé gbígbé, ilé oúnjẹ, ibi tí àwọn ayàwòrán á ti máa pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń fẹ́ iyanrìn lu ara ògiri. Dúdú èéfín tó ti wà lára bíríkì láti ayé bàbá ńlá wọn á bọ́ sílẹ̀, ògiri á sì pọ́n bí ẹni pé àná ni wọ́n mọ ọ́n. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ. Tí mo bá rí i tí dúdú ń bọ́, inú mi máa ń dùn bíi pé ara tèmi ni wọ́n ń fọ̀.

Lọ́jọ́ tí a ṣí ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, ìyá àgbà òyìnbó kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ títí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ó bi mí pé níbo gan-an ni ẹ̀rọ òun dúró sí tẹ́lẹ̀. Mo ṣí pláànù mi. Ibi tí wáyà iná gbà wà níbẹ̀, ibi tí omi gbà wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n á máa ta kọfí wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ní kò burú, ibẹ̀ ṣáà mọ́. Ó lọ sílé. Mo rò pé ó ń yìn wá ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ilé pákó fún àwọn òǹkàwé tí kò mọ̀ ọ́n. Etí ọ̀sà ló wà ní Ẹ̀pẹ́, kò jìnnà sí Ọjà Olúwo. Bàbá wa ló kọ́ ọ, ibẹ̀ ló sì ti ń la igi. Wọ́n á da gẹdú sínú ọ̀sà láti òkè, omi á gbé e wá, wọ́n á wọ́ ọ gòkè, ẹ̀rọ á là á sí pákó. Nígbà tó yá, gẹdú kò wá mọ́. Bàbá kú, wọ́n ta ẹ̀rọ náà, ilé wá ṣófo. Ẹ̀yin obìnrin méje lẹ wọ inú rẹ̀. Ẹ gbá ìyẹ̀fun igi jáde, ẹ fi amọ̀ mọ ààrò méje síbi tí ẹ̀rọ ti dúró nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ le, ẹ sì yọ pákó bíi mélòó kan lókè ògiri kí èéfín lè ríbi gbà jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ilé tó ti kú ti ń jí. Òbòkún ń gbẹ lórí wáyà, àrọ̀ ń gbẹ, èpìyà ń gbẹ, àwọn oníbàárà sì ń ti ọjà rìn wá bá yín.

Màámi, ohun tí ẹ ṣe yẹn ni mo wá kà ní yunifásítì níbí. Ó lórúkọ tó gùn, wọ́n ń kọ ìwé ńlá lé e lórí, wọ́n sì fún mi ní oyè nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin ṣe é láì ya ìlà kan. Ojú mi ló ṣe é, mo wà ní kíláàsì kẹta nígbà náà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo ń wò. Ohun tí èmi rí ni òkùnkùn, igi òrùlé tó dúdú kirikiri, àti aṣọ iléèwé mi tó máa ń rùn èéfín bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹja Yíyan ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra. Mi ò sọ fún yín rí. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé mo rò pé láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa fọ ilé yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi Ganíyù ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ àtúnṣe sílẹ̀. Bí ó ṣe ń ta iyanrìn ní Èbúté Ìkòròdú, ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn tó ń ti Èkó bọ̀. Ó ní wọ́n ń wa mọ́tò wá sí Ẹ̀pẹ́ tí ọ̀sẹ̀ bá parí, wọ́n ń ra ẹja, ṣùgbọ́n wọn kì í rí ibi jókòó jẹ ẹ́ létí omi. Ó bi mí bóyá mo lè ya nǹkan. Mo ti ya á tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo fi gíláàsì ńlá sí iwájú kí wọ́n lè máa wo ọ̀sà. Mo to àga àti tábìlì síbi tí ààrò wà, mo kó àwọn ààrò lọ sẹ́yìnkùlé sábẹ́ páànù tuntun, mo sì ní kí wọ́n fi àwòrán iṣẹ́ bàbá wa àti iṣẹ́ yín kọ́ ara ògiri. Ìwà ìkà kọ́ ni mo ní lọ́kàn. Mo fẹ́ kí ọjà yín gbòòrò, mo sì fẹ́ kí èéfín yé wọ̀ yín lójú.

Mo kọ àkọsílẹ̀ ohun tó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ kó dànù. Lára rẹ̀ ni àwọn igi wíwọ́ àti pákó tó wà lórí àjà lókè ààrò, tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi máa ń gbé wá. Láti kékeré ni mo ti ń rí wọn níbẹ̀. Mo rò pé àwọn ọkùnrin náà kò ríbi kó ẹrù wọn sí ni, tí ẹ̀yin sì ń gbà wọ́n láàyè nítorí àánú. Mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fi ọṣẹ líle àti omi gbígbóná fọ gbogbo igi òrùlé, kí wọ́n fi irin ha á títí ara igi á fi funfun, kí wọ́n wá fi fánííṣì kùn ún.

Ẹ pè mí lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́ èyí. Mo rántí pé mo wà lójú ọ̀nà, mo ń sáré bọ́ọ̀sì. Ẹ ní, "Múkáílà, ẹ má fọ dúdú orí igi yẹn o. Ó níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀." Mo bi yín pé iṣẹ́ wo. Ẹ ní igi tó bá ti mu èéfín kì í bàjẹ́, pé bàbá wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún yín pé ìdọ̀tí ni, pé ó lè gbiná, pé fánííṣì á ṣọ́ igi ju èéfín lọ. Ẹ tún fẹ́ sọ nǹkan, mo sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ mọ ẹja. Ẹ jẹ́ kí èmi mọ ilé."

 Ẹ ní, "Ó dáa. Ìwọ lo kàwé ẹ̀." Ẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ ilé yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo gbà á pé ẹ ti fara mọ́ ọn.

Wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n ha á. Ganíyù fi fídíò ránṣẹ́, òrùlé náà ń dán, oòrùn ń gba ara gíláàsì wọlé, mo sì sunkún ayọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Àwọn èèyàn wá lóòótọ́. Wọ́n jẹ ẹja, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n padà wá. Ìyá Kúdì, ọ̀kan nínú ẹ̀yin méje, sọ fún mi lórí fóònù pé ọwọ́ òun kò tíì dí tó báyìí rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọdún kejì dá, Sìkírá sọ fún mi pé nǹkan bí ìyẹ̀fun ń já bọ́ sórí tábìlì, pé bí wọ́n bá nù ún láàárọ̀, yóò tún ti wà níbẹ̀ tó bá di ọ̀sán. Mo ní eruku ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ kò tíì dé nígbà náà o. Mo wà lókèèrè, mo ń fi ẹnu sọ eruku tí mi ò rí, wọ́n sì gbà mí gbọ́ nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n tún fi fánííṣì kùn ún.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni igi àárín òrùlé ṣẹ́. Gbogbo yín ti lọ kírun. Àpótí tí Ìyá Kúdì fi ń jókòó ta ẹja nínú ilé ni igi náà já lé, ó sì fọ́ ọ túútúú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú ni ìyá náà dìde lọ ṣe àlùwàlá. Alihamudu lilahi. Nígbà tí wọ́n la igi náà wò, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, fánííṣì nìkan ló kù tó ń dán lóde. Mo ti gbìyànjú láti kọ gbólóhùn yẹn ní ìgbà mẹ́ta láìfi ẹnikẹ́ni bú. Kò sí ẹni tí mo lè bú bí kò ṣe ara mi.

Àwọn aláṣẹ wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí iwájú ilé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin méje tú ká. Mo gbọ́ pé Ìyá Kúdì ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tí àwọn aládùúgbò sì ń bá a jà nítorí èéfín. Mo gbọ́ pé ẹlòmíràn ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ibeshe. Màámi wá sí Ìkòròdú. Sìkírá sọ fún mi pé láràárọ̀ ni ẹ máa ń rìn lọ sí èbúté, ẹ óò wo ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, ẹ óò wá padà sílé jókòó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan, nítorí ó bọ̀wọ̀ fún yín. Mo mọ ọwọ́ yín, Màámi. Mo mọ̀ pé kò lè dilẹ̀ kí ara yín dá. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo bá wà nídìí tábìlì ìyàwòrán mi, tí ọ̀gá mi á fi pè mí nígbà mẹ́ta kí n tó dáhùn.

Ẹnì kan ti wá báyìí tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kó wó ohun tó kù. Ganíyù ti fi ìwé ránṣẹ́ kí gbogbo wa fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ti tẹ ìka, Ganíyù ti fọwọ́ sí i, Sìkírá ti fọwọ́ sí i. Tèmi ló kù. Kí ẹnikẹ́ni má bú ẹ̀gbọ́n mi o. Nígbà tí mo pè é láti bá a jiyàn, ó sọ òótọ́ tó yẹ kó sọ. Ó ní òrùlé tó kù lè pa ọmọ ẹni tó bá ń kọjá lọ. Ó ní èmi ni mò ń yàwòrán láti òkèèrè, òun ni òun ń kó ègé pákó nílẹ̀, òun ni aláṣẹ ń pè. Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.  Mo ṣáà sọ pé kó fún mi láyè díẹ̀, ó sì ti fún mi láyè ju bó ṣe yẹ lọ.

Láàárín àsìkò náà, Sìkírá lọ ya fọ́tò ilé náà láti ìta fún ẹni tó fẹ́ rà á, ó sì fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo fọ́tò ilé tó wó, nítorí náà mo jókòó tì í. Mo fẹ̀ ẹ́, mo tún fẹ̀ ẹ́. Gbogbo òrùlé ti rọ̀ wálẹ̀, àfi igun kan ní apá ọ̀sà. Ibẹ̀ kò rọ̀. Àwọn igi rẹ̀ dúró ṣánṣán, wọ́n sì dúdú. Mo pe Ganíyù pé kí ló dé tí ibẹ̀ dúdú nígbà tí mo ní kí wọ́n fọ gbogbo rẹ̀. Ìgbà náà ló jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní lásìkò iṣẹ́, ẹ gbé àpótí yín síwájú ààrò yín ní igun yẹn, ẹ sì ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n fi ibẹ̀ di ọ̀la. Nígbà tó yá, ojú ń tì wọ́n láti lé yín dìde. Wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ gé ibẹ̀ sọ́tọ̀ kó má bàa hàn nínú fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ibẹ̀ lẹ sì ti ń yan ẹja yín títí tí igi àárín fi ṣẹ́.

Mo bẹ Bàbá Lásísì, àgbà kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ láti ayé bàbá wa, pé kó bá mi gba ojú omi wọ igun náà wò. Ó fi ìfá rẹ̀, irin tó fi ń gbẹ́ inú ọkọ̀, gún àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ìfá náà ń ta padà sí òun lọ́wọ́. Ó ní òpó mẹ́fà àti òrùlé tó wà lórí wọn yè kooro. Tí wọ́n bá gé ibẹ̀ kúrò lára èyí tó ti kú, tí wọ́n sì wó èyí tó kú, ó lè dúró. Inú mi dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ó sì dá mi dúró. Ó ní, "Múkáílà, ṣé o rò pé a ò ríbi kó igi ọkọ̀ sí la ṣe ń gbé e wá sókè ààrò ìyá ẹ ni? A ń fún un léèéfín mu ni kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Gbogbo ẹni tó ń kan ọkọ̀ létí omi yìí ló mọ̀ ọ́n. O ò bi ẹnikẹ́ni ni."

Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo wọn òpó, mo wọn ilẹ̀, mo ka páànù, mo ka fèrèsé. Mo kọ igi tí wọ́n ń fún léèéfín mu sínú àkọsílẹ̀ ohun àkódànù. Ohun tó sì burú jù ni pé ẹnì kan sọ fún mi láì jẹ́ pé mo béèrè, ìyá mi ni, mo sì ní kó lọ máa mọ ẹja.

Èrò àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé mi ò ní fọwọ́ sí ìwé náà. Mo ti ń ya àwòrán tuntun nínú orí mi: igun tó dúró, ààrò méje nínú rẹ̀, èéfín lórí igi bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ pe Ganíyù kí n sọ fún un pé ó parí, a ò tà á. Mo ti gbé fóònù. Mo wá rántí pé ẹ̀yin ti tẹ ìka sí ìwé náà. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti sú yín ni, àbí ẹ kò fẹ́ fojú kan ilé náà mọ́, àbí ẹ rò pé ohun tí àwa ọmọ fẹ́ nìyẹn. Tí mo bá kọ̀ láti ibí yìí, mo tún ti pinnu fún yín nìyẹn, bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ sí. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín.

Nítorí náà ohun tí mo ṣe rèé. Mo ti fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n mi Ganíyù, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé ló bá mi mú un wá fún Sìkírá, ó wà nínú àpò ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń ka èyí, mo sì ní kó fi lé Màámi lọ́wọ́. Màámi, tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ fún Ganíyù, kò sí ẹni tó máa bi yín ní ìdí, èmi ni mo sì máa kọ́kọ́ sọ pé ẹ ṣeun. Tí ẹ kò bá fẹ́ tà á, ẹ fà á ya. Bàbá Lásísì ti gbà láti gé igun yẹn sọ́tọ̀, Ganíyù á sì bá yín lọ rí àwọn aláṣẹ náà. Mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n á gbà. Wọ́n lè ní ká wó gbogbo rẹ̀ náà. Owó tí mo máa ń fi ránṣẹ́ yóò máa wá bó ṣe ń wá, ohun yòówù tí ẹ bá ṣe. Ẹ má rò pé mo ń fi ra àforíjì.

Ẹ̀yin ìyá mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín níkọ̀ọ̀kan. Ìyá Kúdì, mo tọrọ tiyín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bá Màámi jókòó, ẹ bá a sọ ohun tó wà lọ́kàn yín, kí ẹ má bo ohunkóhun nítorí èmi.

Ọlọ́run Ọba á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, Màámi. Á dá ìlera padà sí ara yín, á sì fi ohun tí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ṣe lé yín lọ́wọ́. Á dá ẹ̀yin méje jọ lábẹ́ òrùlé tí kò ní já lu ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Ìkòròdú, ẹ bá mi kí Bàbá Lásísì, ẹ kí àwọn tó bá béèrè mi àti àwọn tí kò béèrè.

Ẹ má ro ti ìwé tí mo kà. Tí ẹ bá fẹ́ kí n ya nǹkan, ẹ sọ ohun tí n óò yà, màá sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá ṣe wí i. Tí ẹ kò bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, màá dúró dè yín. Mi ò ní pe ìdákẹ́ yín ní bẹ́ẹ̀ ni mọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Múkáílà